Ibi Ọmọ Ni Oníbodè: Bí Ohun Tí Ó Wà Nínú Ẹ̀jẹ̀ Ìyá Ṣe Ń Dé Ara Ọmọ

Ẹ̀kọ́ fún àwọn aboyún àti àwọn agbẹ̀bí

  

Ẹ̀kọ́ wa ti òní bẹ̀rẹ̀ láti inú ìbéèrè kan. Ìyá kan wá sí klíníkì pẹ̀lú oyún oṣù márùn-ún. Nígbà tí mo ń bi í léèrè nípa ohun tí ó ń jẹ àti ohun tí ó ń lò, ó sọ fún mi pé ẹ̀yìn ń dun òun, nítorí náà òun a máa mu páragà, ìyẹn egbòogi tí wọ́n rẹ sínú ògógóró, ní alaalẹ́ kí òun tó sùn. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jáwọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní: "Nọ́ọ̀sì, inú ikùn tèmi ni ohun tí mo bá mu ń lọ. Inú ilé ọmọ ni ọmọ wà. Ọ̀tọ̀ ni ikùn, ọ̀tọ̀ ni ilé ọmọ. Báwo ni ọtí ṣe máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀?"

Ìbéèrè ọlọgbọ́n ni. Òótọ́ ni pé ikùn yàtọ̀ sí ilé ọmọ. Òótọ́ ni pẹ̀lú pé ẹ̀jẹ̀ ìyá àti ẹ̀jẹ̀ ọmọ kì í dà pọ̀ mọ́ ara wọn. Síbẹ̀, ọtí náà ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Ọ̀nà tí ó ń gbà dé ibẹ̀ náà ni oúnjẹ ń gbà, tí oògùn ń gbà, tí afẹ́fẹ́ tí ọmọ fi wà láàyè sì ń gbà. Ìyá tí ó bá mọ ọ̀nà yìí yóò mọ ohun tí ó yẹ kí òun fi ránṣẹ́ sí ọmọ òun, àti ohun tí kò yẹ.

1. KÍ NI SẸ́Ẹ̀LÌ?

Búlọ́ọ̀kù ni a fi ń kọ́ ilé. Sẹ́ẹ̀lì ni Ẹlẹ́dàá fi kọ́ ara ènìyàn. Sẹ́ẹ̀lì kéré tó bẹ́ẹ̀ gẹ́ẹ́ tí ojú lásán kò lè rí i. Ṣùgbọ́n kò rí bíi búlọ́ọ̀kù tí kò ní ẹ̀mí. Sẹ́ẹ̀lì wà láàyè. Ó ń jẹun, ó ń lo afẹ́fẹ́, ó ń ṣiṣẹ́, ó sì ń da ìdọ̀tí rẹ̀ nù.

Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ni ó yí sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ká. Ní ayé àtijọ́, odi ni àwọn baba ńlá wa máa ń mọ yí ìlú ká. Ẹnu bodè ni èrò ń gbà wọlé, tí wọ́n sì ń gbà jáde, oníbodè a sì máa jókòó síbẹ̀ láti wo ẹni tí ń lọ àti ẹni tí ń bọ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni awọ sẹ́ẹ̀lì rí. Ọ̀rá ni a fi ṣe odi náà, ẹnu bodè kéékèèké sì wà lára rẹ̀ káàkiri. Kì í ṣe ohun gbogbo ni ó lè wọlé bí ó ti wù ú.

2. Ọ̀NÀ MÁRÙN-ÚN TÍ NǸKAN FI Ń WỌ SẸ́Ẹ̀LÌ

(a) Títàn kálẹ̀. Bí aládùúgbò bá ń dín àkàrà, kò pẹ́ tí òórùn rẹ̀ yóò fi dé yàrá yín, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ gbé e wá. Ohun tí ó bá pọ̀ ní ibì kan a máa tàn lọ sí ibi tí kò ti pọ̀, títí yóò fi dọ́gba. Àwọn ohun tí ó kéré, tàbí tí ó lè la ọ̀rá kọjá, ń gba inú odi sẹ́ẹ̀lì kọjá lọ́nà yìí láìdúró ní ẹnu bodè. Afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tí a ń mí sínú jẹ́ ọ̀kan. Afẹ́fẹ́ búburú tí a ń mí síta jẹ́ ọ̀kan. Ọtí pẹ̀lú jẹ́ ọ̀kan.

(b) Ọ̀nà ti omi. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ẹ̀fọ́ mọ ọ̀nà yìí dáadáa. Bí ẹ̀fọ́ bá rọ, ẹ ó wọ́n omi sí i, yóò tún jí, yóò sì le. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bu iyọ̀ sí ẹ̀fọ́ tí ẹ ti rẹ́, kò ní pẹ́ tí omi yóò fi jáde lára rẹ̀, tí yóò sì rọ. Ibi tí iyọ̀ tàbí ṣúgà bá ti pọ̀ jù ni omi máa ń sáré lọ. Bí omi ti ń wọ sẹ́ẹ̀lì, tí ó sì ń jáde nínú rẹ̀ nìyẹn.

(c) Ẹnu bodè pàtàkì. Ṣúgà kò lè la ọ̀rá kọjá fúnra rẹ̀. Ó ní ẹnu bodè tirẹ̀ tí a ṣe ní ìwọ̀n rẹ̀. Bí ṣúgà bá pọ̀ ní ìta ju inú lọ, yóò gba ẹnu bodè yìí wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́.

(d) Alábàárù. Bí ẹrù bá wà ní ìsàlẹ̀ òkè, tí ẹ sì fẹ́ kí ó dé orí òkè, kò ní yí lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Alábàárù ni yóò gbé e, ẹ ó sì sanwó fún un. Sẹ́ẹ̀lì pẹ̀lú ní alábàárù. Wọ́n ń gbé èròjà láti ibi tí kò ti pọ̀ lọ sí ibi tí ó ti pọ̀. Agbára tí ara ń rí nínú oúnjẹ àti afẹ́fẹ́ ni owó iṣẹ́ wọn.

(e) Pípọ́n bíi mọ́ín-mọ́ín. Àwọn ohun kan tóbi ju ẹnu bodè lọ. Sẹ́ẹ̀lì yóò fi awọ ara rẹ̀ pọ́n irú nǹkan bẹ́ẹ̀, bí a ti ń fi ewé pọ́n mọ́ín-mọ́ín, yóò gbé e wọlé, yóò sì tú u sílẹ̀ ní apá kejì.

3. IBI ỌMỌ, ILÉ ONÍBODÈ

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí á wo ibi ọmọ, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní èkejì ọmọ. Ní ìgbà ìbímọ, ó máa ń wọ̀n tó ìdajì kílò, ó sì máa ń fẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 20, bí àwo pẹrẹsẹ. Apá kan rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ara ilé ọmọ. Láti apá kejì ni ìwọ́ ti jáde, tí ó lọ sí ìdodo ọmọ.

Iṣan ẹ̀jẹ̀ mẹ́ta ni ó wà nínú ìwọ́. Ọ̀kan tí ó tóbi ń gbé ẹ̀jẹ̀ tí ó ní oúnjẹ àti afẹ́fẹ́ lọ sọ́dọ̀ ọmọ. Méjì yòókù ń gbé ẹ̀jẹ̀ tí ọmọ ti lò padà wá sí ibi, pẹ̀lú ìdọ̀tí tí ó wà nínú rẹ̀.

Nínú ibi, iṣan ọmọ pín sí wẹ́wẹ́ bíi gbòǹgbò igi. Àwọn gbòǹgbò wọ̀nyí rì sínú ẹ̀jẹ̀ ìyá, bí gbòǹgbò ti í rì sínú ilẹ̀ tútù. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ wà nínú gbòǹgbò, ẹ̀jẹ̀ ìyá wà ní ìta. Ìpele sẹ́ẹ̀lì fẹ́lẹ́ ni ó wà láàrin àwọn méjèèjì. Ibẹ̀ ni gbogbo kárà-kátà ń lọ. Bí a bá tẹ́ ojú gbòǹgbò wọ̀nyí sílẹ̀ bí ẹní, yóò tó mítà 10 níbùú lóòró tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹn bí ilẹ̀ yàrá kékeré kan.

Nígbà tí oyún bá ti gbó, ẹ̀jẹ̀ ìyá tí ń ṣàn dé ibi ju ìdajì lítà lọ láàrin ìṣẹ́jú kan ṣoṣo. Ẹ̀yin agbẹ̀bí, ẹ fi èyí sọ́kàn. Ìdí nìyí tí ẹ̀jẹ̀ fi lè dà púpọ̀ ní ìṣẹ́jú díẹ̀ bí ilé ọmọ kò bá sún kì lẹ́yìn tí ibi bá já.

4. OHUN RERE TÍ Ń GBA BODÈ KỌJÁ

Afẹ́fẹ́ ọ́síjìn ń tàn láti inú ẹ̀jẹ̀ ìyá bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ. Ẹlẹ́dàá ti mú kí ẹ̀jẹ̀ ọmọ inú lè di ọ́síjìn mú ju ẹ̀jẹ̀ ìyá lọ, nítorí náà ọmọ ń rí ìpín tirẹ̀ gbà. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀jẹ̀ ìyá kò bá tó, afẹ́fẹ́ tí yóò gbé wá sí ẹnu bodè náà kò ní tó.

Ṣúgà ń gba ẹnu bodè tirẹ̀ kọjá. Iṣu, ẹ̀kọ, ìrẹsì àti gààrí tí ìyá jẹ ni ó di ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, òun sì ni ọmọ fi ń ṣe agbára.

Ohun tí ń mú ara dàgbà, èyí tí a ń rí nínú ẹ̀wà, ẹyin, ẹja àti ẹran, ń kọjá lórí alábàárù. Ó máa ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ju ti ìyá lọ, nítorí pé wọ́n ń fi agbára gbé e wọlé. Bẹ́ẹ̀ náà ni èròjà tí ń mú egungun le.

Irin, tí í máa sọ ẹ̀jẹ̀ di pupa, ń kọjá pẹ̀lú alábàárù. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa, ẹ̀yin ìyá. Alábàárù wọ̀nyí kì í bèèrè bóyá ó kù fún ìyá tàbí kò kù. Ọmọ àti ibi a máa gba nǹkan bíi mílígíráàmù 300 irin títí oyún yóò fi pé, pàápàá ní oṣù mẹ́ta ìkẹyìn. Bí ìyá kò bá jẹ èyí tí yóò fi dípò rẹ̀, inú àpò tirẹ̀ ni wọn yóò ti mú un. Nígbà náà ni àárẹ̀ yóò máa mú un, tí ojú rẹ̀ yóò funfun, tí òòyì yóò máa kọ́ ọ, tí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tí ó bá sì dà nígbà ìbímọ yóò di ewu ńlá. Ìdí nìyí tí a fi ń fún yín ní hóró irin àti fólíìkì ní klíníkì. Kì í ṣe oògùn àìsàn. Owó tí ẹ ń dá padà sínú àpò ni.

Ọmọ ogun ara, ìyẹn èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tí ń bá àrùn jà, ni sẹ́ẹ̀lì ibi ń pọ́n bíi mọ́ín-mọ́ín. Ibi yóò gbà wọ́n lára ìyá, yóò sì gbé wọn fún ọmọ. Oṣù mẹ́ta ìkẹyìn ni púpọ̀ wọn ń kọjá. Ìdí nìyí tí ọmọ tí a bí láìtọ́jọ́ kì í fi ní tó ọmọ tí oṣù rẹ̀ pé. Ìdí nìyí pẹ̀lú tí a fi ń gún ìyá ní abẹ́rẹ́ àjẹsára tẹ́tánọ́ọ̀sì. Àrùn yìí ni ó máa ń mú kí àgbọ̀n ọmọ tuntun le, tí kò fi ní lè mu ọmú mọ́, tí ara rẹ̀ yóò sì máa gan. Apá ìyá ni abẹ́rẹ́ ti wọlé, ṣùgbọ́n ọmọ náà ni yóò ru asà rẹ̀ wá sáyé.

5. OHUN BÚBURÚ TÍ Ń GBA Ọ̀NÀ KAN NÁÀ

Ní ìgbà kan, ọ̀pọ̀ dókítà gbàgbọ́ pé ògiri líle ni ibi jẹ́, pé kò sí ohun búburú tí ó lè kọjá. Ní ọdún 1941, dókítà ojú kan ní Ọsirélíà, Norman Gregg, ṣe àkíyèsí pé àwọn ọmọ kan tí a bí pẹ̀lú ojú tí ó fọ́ jẹ́ ọmọ àwọn ìyá tí àrùn rùbẹ́là mú nígbà tí oyún wọn ṣì kéré. Ní ọdún 1957, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta oògùn kan tí ń jẹ́ thalidomide ní Jámánì Ìwọ̀ Oòrùn, láti fi sùn. Àwọn aboyún náà sì ń lò ó fún èébì òwúrọ̀. Ara ìyá kò mọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ju 10,000 lọ, ní oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè, ni a bí pẹ̀lú apá tàbí ẹsẹ̀ kúkúrú, tàbí láìní wọn rárá. Ní òpin ọdún 1961 ni wọ́n kó oògùn náà kúrò lọ́jà ní Jámánì. Láti ìgbà náà ni gbogbo ayé ti mọ̀ pé oníbodè yìí kò mọ ọ̀tá yàtọ̀ sí ọ̀rẹ́. Ìwọ̀n ni ó ń wò. Ohun tí ó bá kéré tó, tàbí tí ó lè la ọ̀rá kọjá, tàbí tí ó bá jọ ohun tí ó ní ẹnu bodè, yóò wọlé.

Ọtí. Ó ń tàn kọjá bí afẹ́fẹ́. Kò ní pẹ́ tí ọtí inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ yóò fi dọ́gba pẹ̀lú ti ìyá. Ìyá ní ẹ̀dọ̀ àgbà tí yóò fi fọ́ ọ. Ẹ̀dọ̀ ọmọ kò tíì gbó. Ó lè ba ọpọlọ ọmọ jẹ́, kí ó sì dá ìdàgbàsókè rẹ̀ dúró. Kò sí ìwọ̀n ọtí tí a mọ̀ pé kò léwu fún aboyún. Bíà, ẹmu, ògógóró àti àgbo tí a fi ọtí rẹ, ọ̀kan náà ni wọ́n.

Èéfín. Èéfín sìgá, èéfín jẹnẹrétọ̀ àti èéfín igi ìdáná nínú ilé tí a sé mọ́ ní afẹ́fẹ́ olóró kan nínú. Afẹ́fẹ́ náà a máa gba ààyè ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀. Ọkọ̀ ẹ̀jẹ̀ yóò dé ọ̀dọ̀ ọmọ, ṣùgbọ́n èrò tí kò yẹ ni yóò gbé wá. Ọmọ tí ó bá ń rí èyí lójoojúmọ́ lè kéré nígbà tí a bá bí i.

Òjé àti mákúrì. Òjé wà nínú ọ̀pọ̀ tìróò, ó sì lè wà nínú ẹfun tí àwọn aboyún kan fẹ́ràn láti máa jẹ. Mákúrì wà nínú àwọn ìpara kan tí ń bó àwọ̀. Méjèèjì ń la ibi kọjá, wọ́n sì ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́.

Oògùn. Tetracycline a máa sọ eyín ọmọ di rírẹ̀dòdò kí eyín náà tó hù pàápàá. Ibuprofen àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lè ṣe ọkàn àti kíndìnrín ọmọ ní jàǹbá láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 20 oyún lọ. Ní ti àgbo, a kì í mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ àti bí ó ti pọ̀ tó. Àwọn àgbà ní ọ̀nà ọ̀fun ni ọ̀nà ọ̀run. Fún aboyún, ọ̀fun ẹni méjì ni.

6. ÌGBÀ TÍ BODÈ BÁ DÍ, TÀBÍ TÍ ẸRÙ BÁ PỌ̀ JÙ

Kòkòrò ibà kì í sábà la ibi kọjá, ṣùgbọ́n ó ń ṣe ohun mìíràn. Ó máa ń sá pamọ́ sínú ibi, kí ó sì lẹ̀ mọ́ ọn. A lè yẹ ẹ̀jẹ̀ ìka ìyá wò kí á má rí nǹkan kan, síbẹ̀ kí kòkòrò kún inú ibi. Bodè dí nìyẹn. Oúnjẹ àti afẹ́fẹ́ kò ní kọjá bí ó ti yẹ. Ọmọ yóò kéré, ẹ̀jẹ̀ ìyá yóò sì gbẹ. Oyún àkọ́kọ́ ni èyí ti máa ń burú jù, nítorí pé ara kò tíì kọ́ bí a ti ń bá ibà inú ibi jà. Bí ara yín bá yá gágá, ẹ má tìtorí bẹ́ẹ̀ kọ hóró SP tí nọ́ọ̀sì bá fún yín.

Àtọ̀gbẹ pẹ̀lú yẹ fún àkíyèsí. Ṣúgà ń kọjá, ṣùgbọ́n ínsúlìnì ìyá, tí í máa kápá ṣúgà, kì í kọjá. Bí ṣúgà bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ ìyá, yóò ya wọ ọ̀dọ̀ ọmọ. Ọmọ yóò máa ṣe ínsúlìnì tirẹ̀ ní àṣejù, yóò sì sanra jù, títí ìbí rẹ̀ yóò fi nira. Nígbà tí a bá gé ìwọ́, ṣúgà yóò dá lójijì, ṣùgbọ́n ínsúlìnì ọmọ ṣì pọ̀. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ lè lọ sílẹ̀ débi tí gìrì yóò fi mú un. Ẹ̀yin agbẹ̀bí, ẹ má jẹ́ kí ìrísí irú ọmọ ńlá bẹ́ẹ̀ tàn yín jẹ. Ẹ tètè fún un lọ́mú, kí ẹ sì yẹ ṣúgà rẹ̀ wò.

7. BODÈ NÁÀ NI A FI Ń GBA ỌMỌ LÀ

Nítorí pé oògùn ń la ibi kọjá, a lè tọ́jú ọmọ kí a tó bí i. Bí ìyá bá ní sífílíìsì, kòkòrò rẹ̀ lè kọjá kí ó sì pa ọmọ. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ penicillin tí a gún ìyá ní àsìkò yóò kọjá pẹ̀lú, yóò sì wo ọmọ sàn. Bí ìyá bá ní kòkòrò HIV, tí kò sì gba ìtọ́jú kankan, ọmọ 15 sí 45 nínú 100 ni ó lè kó o, nínú oyún, nígbà ìbí tàbí nínú ọmú. Bí ó bá ń lo oògùn rẹ̀ dédé, iye náà lè lọ sílẹ̀ ju 5 lọ. Bí ó bá sì dà bíi pé ọmọ fẹ́ wá láìtọ́jọ́, dókítà ní ilé ìwòsàn lè gún ìyá ní abẹ́rẹ́ tí yóò kọjá lọ mú ẹ̀dọ̀fóró ọmọ gbó. Nítorí náà, ẹ má fi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ falẹ̀.

8. OHUN TÍ ÌYÁ YÓÒ ṢE

(i) Ẹ tètè forúkọ sílẹ̀ ní klíníkì kí oyún tó pé oṣù mẹ́ta. Nígbà náà ni ẹ̀yà ara ọmọ ń di mímọ.
(ii) Ẹ jẹ ẹ̀wà, ẹyin, ẹja, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ. Ẹ lo hóró irin àti fólíìkì lójoojúmọ́. Ẹ má fi tíì gbé e mì, nítorí tíì kì í jẹ́ kí irin wọ ara dáadáa. Ọsàn ni kí ẹ fi tẹ̀ lé e.
(iii) Ẹ sùn lábẹ́ àwọ̀n ẹ̀fọn olóògùn ní gbogbo òru.
(iv) Ẹ má mu ọtí, ẹ má fa sìgá. Ẹ dáná níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé. Ẹ jìnnà sí tìróò, ẹfun jíjẹ àti ìpara abóra.
(v) Ẹ má ra oògùn fúnra yín. Bí ẹ̀yin bá ń dùn yín, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì. Bí ẹ bá ti ń lo àgbo, ẹ sọ ọ́ láìbẹ̀rù. A kò ní bá yín jà.
(vi) Bí oyún bá ti wúwo, ẹ máa fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ sùn. Bí aboyún bá nà gbalaja lé ẹ̀yìn, ìwúwo ilé ọmọ lè tẹ iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá, kí ẹ̀jẹ̀ tí ń lọ sí ibi sì dínkù.
(vii) Bí ọmọ tí ó ti máa ń yí dáadáa bá dákẹ́, tàbí tí yíyí rẹ̀ dínkù, ẹ má dúró di ọ̀la. Bodè lè ti ń tì. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

9. OHUN TÍ AGBẸ̀BÍ YÓÒ ṢE

(i) Ẹ bi gbogbo aboyún léèrè ohun tí ó ń mu, tí ó ń jẹ, tí ó sì ń pa. Ẹ fi pẹ̀lẹ́ bi í.
(ii) Fún ẹni tí kò tíì gba àjẹsára tẹ́tánọ́ọ̀sì rí, ẹ gún un ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ó wá, kí ẹ sì tún un gún lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 4 ó kéré tán. Abẹ́rẹ́ kejì gbọ́dọ̀ ṣáájú ìbí pẹ̀lú ọ̀sẹ̀ 2 ó kéré tán, kí asà náà lè rí ààyè kọjá.
(iii) Láti ọ̀sẹ̀ 13 oyún, ẹ fún un ní SP, hóró 3 lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó gbé e mì lójú yín. Ẹ máa fún un nígbàkígbà tí ó bá wá, ṣùgbọ́n kí oṣù kan máa wà láàrin, kí ó sì gbà á ó kéré tán nígbà 3. Fólíìkì mílígíráàmù 5 a máa ba iṣẹ́ SP jẹ́, 0.4 ni ó dára. Ẹni tí ó bá ń lo cotrimoxazole kò gbọdọ̀ gba SP.
(iv) Bí ọmọ bá wáyé tí ó sì ké, ẹ má yára gé ìwọ́. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 1 sí 3. Ẹ̀jẹ̀ tí ó kù nínú ibi, ti ọmọ ni. Irin tí ó wà nínú rẹ̀ yóò bá a gbé ọ̀pọ̀ oṣù.
(v) Bí ibi bá já, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò lójú ìmọ́lẹ̀. Ṣé ó pé? Ṣé iṣan mẹ́ta ni ó wà nínú ìwọ́? Bí ó bá jẹ́ méjì, ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ ọmọ náà wò. Bí ẹ̀já ibi bá kù sínú ilé ọmọ, ẹ̀jẹ̀ yóò máa dà. Ẹ má jáfara láti gbé ìyá lọ sí ilé ìwòsàn. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ tó kó o fún àwọn ẹbí láti rì.

10. ÌBÉÈRÈ FÚN ÀTÚNYẸ̀WÒ

(a) Ṣé ẹ̀jẹ̀ ìyá àti ẹ̀jẹ̀ ọmọ ń dà pọ̀? Kí ni ó wà láàrin wọn?
(b) Dárúkọ ọ̀nà márùn-ún tí nǹkan ń gbà wọ sẹ́ẹ̀lì, kí o sì fi àpẹẹrẹ kan ti ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn.
(d) Kí ló dé tí àìtó ẹ̀jẹ̀ fi máa ń mú ìyá tí kò lo hóró irin?
(e) Báwo ni abẹ́rẹ́ tí a gún ní apá ìyá ṣe ń dáàbò bo ọmọ?
(ẹ) Kí ni ibà ń ṣe nínú ibi?

Ìyá tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ gbọ́ gbogbo àlàyé yìí tán, ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní: "Èmi àti ọmọ ni a jọ ń mu ún láti ọjọ́ yìí." Ó jáwọ́ nínú páragà lọ́jọ́ náà. A wá ọ̀nà mìíràn sí ẹ̀yìn tí ń dùn ún, ó ń wá sí klíníkì déédéé, oṣù rẹ̀ sì pé kí ó tó bí. Ṣùgbọ́n oṣù márùn-ún ti kọjá kí ó tó bi mí ní ìbéèrè yẹn. N kò fẹ́ kí ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ẹ̀yin tí ẹ ka ìwé yìí, ẹ kà á fún ìyàwó ilé, fún àbúrò, fún aládùúgbò, àti fún àwọn ìyá àbíyè tí ó wà ní àdúgbò yín.

Oníbodè inú kì í sùn lọ́sàn-án, kì í sùn lóru. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá gbé dé iwájú rẹ̀ nìkan ni ó lè gbé wọlé fún ọmọ. Ọwọ́ yín, ẹ̀yin ìyá, ni ìyókù wà.

A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Àmín.